Ǹjẹ́ Ebi Ará Ìlú Lè Yí Ọkàn Alákòóso Padà?

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gbé ní ẹ̀bá ẹnubodè ronú sí, ìbáà ṣe ọlọ́jà tàbí olùkọ́, àgbẹ̀ tàbí awakọ̀. Ìbéèrè náà ni èyí: bí ìjọba kan bá ń hùwà ọ̀tá, tí ó ń fi ipá jọba lórí àwọn ènìyàn rẹ̀, tàbí tí ó di etí sí ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí àwọn ìlú yòókù ti ọ̀nà ọjà mọ́ ọn? Bí wọ́n bá sì tì í, ǹjẹ́ yóò torí bẹ́ẹ̀ yí ìwà rẹ̀ padà? Ìbéèrè méjì ni ó wà níhìn-ín, a kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ń wádìí ohun tí ó tọ́. Èkejì ń wádìí ohun tí ó lè ṣe iṣẹ́. Ohun kan lè tọ́ kí ó má ṣe iṣẹ́. Òmíràn sì lè ṣe iṣẹ́ kí ó má tọ́.

Àwa tí a ń gbé ní Ajangbadi, àti àwọn ará wa ní Ọ̀jọ́, Ìba àti Okokomaiko, kò lè wí pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ọ̀nà ńlá tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó kọjá ní ìtòsí wa, òun náà ni ó dé Sẹ̀mẹ̀, tí ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Kútọnu, Lomé àti Accra, títí dé Abidjan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè náà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin ni pé ìrẹsì òkèèrè ń gba ilẹ̀ rẹ̀ wọlé ní fàyàwọ́, tí ó sì ń ba iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀ wa jẹ́, àti pé epo bẹntiróòlù wa ń gba ibẹ̀ jáde. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Kí ni ìyọrísí rẹ̀? Ìrẹsì wọ́n. Ẹni tí ó ń gba ìwé àṣẹ, tí ó sì ń san owó bodè, òun ni ó kọ́kọ́ pàdánù, nítorí pé ọ̀nà tí ó tọ́ ni a tì. Ẹni tí ó mọ ipa ọ̀nà inú igbó àti ti orí omi ọ̀sà kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn baba wa ti wí i tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nígbà tí a sì ṣí ẹnubodè, fàyàwọ́ wà láàyè síbẹ̀. A kò sọ èyí láti dá àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì lẹ́bi, nítorí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti jẹ èrè iṣẹ́ wọn. A sọ ọ́ kí ó lè hàn pé láàrin àṣẹ tí a pa àti ohun tí àṣẹ náà mú wá, àlàfo lè wà tí ó fẹ̀ gidigidi.

Àwọn tí ó ń dábàá ìjìyà ọrọ̀ ajé kì í ṣe aláìnírònú. Wọ́n a máa wí pé ohun mẹ́ta péré ni ó wà ní ọwọ́ àwọn ìlú nígbà tí aládùúgbò wọn bá ṣì hùwà: ọ̀rọ̀ ẹnu, títi ọjà, àti ogun. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá kùnà, tí a kò sì fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí ni ó kù? Wọ́n tún a máa wí pé ẹni tí ó bá ń bá aṣebi tà, tí ó sì ń bá a rà, ń fi owó rẹ̀ ra ọ̀kọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wúwo, ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn sí wọn sì ní láti fi ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí ó súnmọ́ wa jùlọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ní Niger, tí Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani jẹ́ olórí wọn, mú Ààrẹ Mohamed Bazoum, tí àwọn ènìyàn fi ìbò yàn, wọ́n sì fi í sí àhámọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ECOWAS pàdé ní Abuja, Ààrẹ Bola Tinubu sì ni alága wọn. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, wọ́n fi òpin sí òwò, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé owó Niger tí ó wà ní àwọn ilé ìfowópamọ́ àgbà wọn. Wọ́n fi ọjọ́ méje ṣe gbèdéke, wọ́n sì wí pé àwọn lè lo agbára ogun bí a kò bá dá Bazoum padà sí ipò. Nàìjíríà tún gé iná mọ̀nàmọ́ná tí ó ń fún Niger, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá iná orílẹ̀-èdè náà ni ó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ.

Ìjìyà yìí kì í ṣe kékeré. Niger kò ní etí òkun. Ohun tí ó ń jẹ àti ohun tí ó ń lò ń gba ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá, ọ̀nà Kútọnu sì ni èyí tí ó pọ̀ jùlọ ń gbà. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tò ní Malanville, ní etí Odò Ọya, ẹrù sì wà nínú wọn. Òkùnkùn bo Niamey, oúnjẹ àti oògùn wọ́n, ìjọba kò sì lè san gbèsè rẹ̀. Ní ìhà tiwa pẹ̀lú, ìpínlẹ̀ méje ni ó bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, ààlà náà sì gùn ju 1,500 kìlómítà lọ. Ní apá ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìhà méjèèjì, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti màlúù tí ó ń ti ibẹ̀ wá kò rí ọ̀nà kọjá mọ́ bí ti àtẹ̀yìnwá. Òwe wa wí pé ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá.

Ǹjẹ́ Tiani yí ìwà padà? Rárá o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Niger, Mali àti Burkina Faso dá májẹ̀mú láti máa gbèjà ara wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ń fi ECOWAS sílẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ECOWAS sílẹ̀ ní ọdún 1975, kọ̀wé bẹ àwọn olórí pé kí wọ́n mú ìjìyà náà kúrò. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì wọ́n mú púpọ̀ jùlọ nínú rẹ̀ kúrò, nígbà tí Bazoum ṣì wà ní àhámọ́. Ìdí tí wọ́n sọ ni àánú ọmọ ènìyàn, àti nítorí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tí ó wà lóde àti ti Rámádánì tí ó ń bọ̀. Inú wa dùn sí àánú náà. Ṣùgbọ́n bí àánú bá jẹ́ ìdí tí ó tó láti ṣí ọ̀nà ní oṣù kejì, ó yẹ kí ó ti jẹ́ ìdí láti rò ó dáradára ní oṣù keje, kí a tó tì í. Ọmọ tí ebi pa ní Zinder kò jẹ̀bi ju bí ó ti yẹ lọ ní ìgbà kan, kí ó wá di aláìlẹ́ṣẹ̀ ní ìgbà kejì.

Kí ni ó fà á tí ìjìyà náà fi kùnà? A rí ìdí mẹ́ta. Èkíní, ohun tí a bèèrè pọ̀ ju ohun tí ẹni náà lè fi sílẹ̀ lọ. A sọ fún ẹni tí ó fi ipá gba ìjọba pé kí ó gbé e sílẹ̀ ní ọjọ́ méje, láìsọ ibi tí yóò gbà sá àsálà. Ẹni tí ó gun ẹṣin ogun kì í sọ̀ kalẹ̀ bí ó bá mọ̀ pé ikú ni ó dúró dè òun nílẹ̀. Èkejì, ọ̀nà mìíràn ṣí sílẹ̀ fún un, nítorí pé Mali àti Burkina Faso kò bá wa ti ilẹ̀kùn, àwọn alágbára òkèèrè sì wà tí ó fẹ́ bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tí ó burú jùlọ, ìjìyà náà fún alákòóso náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí iná bá kú, tí oúnjẹ sì wọ́n, kò ní láti dáhùn fún un mọ́, ó kàn nà ìka sí òde ni, ó ní, “Ẹ wo àwọn tí ó ń pa yín.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ rí bá dúró tì í, nítorí pé bí ará òde bá gbógun ti ilé, àwọn ọmọ ilé a pa ìjà ti ara wọn tì.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀ràn tuntun ni èyí, kí ó rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ogun sí àwọn Ẹ̀gbá, àwọn Ẹ̀gbá àti àwọn Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà òkun mọ́ Ìbàdàn. Iyọ̀ wọ́n, ètù ìbọn sì wọ́n. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde sí Ìbàdàn, Ogun Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé títi ọ̀nà nìkan a máa tẹ orí alágbára ba, Ìbàdàn ì bá ti tẹ orí ba kíákíá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà Oǹdó wà, ohun ìjà sì ń gba ibẹ̀ lọ. Látòósà kú sí ibùdó ogun ní ọdún 1885 láìyí ọkàn padà; ó sì di ọdún 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Ohun tí ó yẹ kí a fiyè sí jùlọ nínú ìtàn náà ni èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ti ọ̀nà. Awùjalẹ̀ Fídípọ̀tẹ̀ kò fẹ́ kí a ṣí ọ̀nà fún Ìbàdàn. Àwọn ènìyàn rẹ̀, tí òwò wọn ti bàjẹ́, fẹ́ kí a ṣí i. Ní ọdún 1883 wọ́n dìde sí i, ó sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nítorí náà títi ọ̀nà lé ọba kan kúrò ní ààfin nítòótọ́, ṣùgbọ́n ọba tí ó ti ọ̀nà ni, kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ohun tí ó sì wá àlàáfíà ní ọdún 1886 ni àwọn tí ó ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàrin ibùdó méjèèjì, tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ìhà kọ̀ọ̀kan. Àlùfáà Samuel Johnson àti Àlùfáà Charles Phillips wà nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Ní etí òkun tiwa níhìn-ín, ní ọdún 1876, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bu owó ìtanràn lé Glele, ọba Dàhòmì. Epo pupa ni wọ́n ní kí ó fi san án, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àgbá ńlá. Nígbà tí ó kọ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ogun dí etí òkun rẹ̀ títí di ọdún 1877. Ní ìkẹyìn, àwọn oníṣòwò Faransé tí ó wà ní Whydah ni ó san apá kan nínú rẹ̀, kí òwò wọn má ba à parun. Ọba kò san ìyókù. A dí ọ̀nà nítorí ọba, oníṣòwò ni ó san gbèsè.

Ẹnìkan lè bi wá pé, “Gúúsù Áfríkà ńkọ́?” Ìbéèrè dáradára ni, a kò sì ní yẹra fún un. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ rí ìjìyà ọrọ̀ ajé ní oríṣiríṣi. Ní ọdún 1977, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi dandan lé e pé kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìjà fún un. Nàìjíríà náà kò jókòó lásán. Àwọn òṣìṣẹ́ wa dá owó láti ran àwọn tí a ń ni lára níbẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọdún 1979 ìjọba wa sì gba ìpín ilé iṣẹ́ epo British Petroleum tí ó wà ní ilẹ̀ wa, nítorí ọ̀ràn Gúúsù Áfríkà àti Rhodesia. Ní ọdún 1985 àwọn ilé ìfowópamọ́ ńlá òkèèrè kọ̀ láti tún fi àkókò kún gbèsè Gúúsù Áfríkà, ní ọdún 1986 sì ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 1990 Nelson Mandela jáde kúrò ní ẹ̀wọ̀n, ní oṣù kẹrin ọdún 1994 gbogbo ènìyàn sì dìbò.

A kò lè sọ pé ìjìyà ọrọ̀ ajé nìkan ni ó ṣe é, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà jà fúnra wọn, púpọ̀ nínú wọn sì kú. Ṣùgbọ́n ó ṣe ìrànlọ́wọ́, ó sì yẹ kí a wo ìdí rẹ̀. Àwọn tí ó ń jìyà ni ó bèèrè fún un. Albert Luthuli ti bèèrè fún un ní ọdún 1959, Bíṣọ́ọ̀bù Desmond Tutu sì tún un bèèrè ní àkókò tirẹ̀; wọ́n mọ̀ pé yóò dun àwọn ènìyàn wọn, wọ́n sì wí pé àwọn gbà láti rù ú. Èkejì, ó bá àwọn oníṣòwò aláwọ̀ funfun, àwọn tí ó ní ìbò, tí ìjọba sì ní láti gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún ìjọba náà láti padà sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ó bá ṣe ohun tí ó tọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, láti ìgbà ìpè Luthuli dé ìgbà ìbò náà, ọdún márùndínlógójì ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ohun èlò yìí gbọ́dọ̀ ní sùúrù púpọ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilé tí ó jọ èyí. Ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1947, àwọn obìnrin ọlọ́jà tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì jẹ́ aṣáájú wọn kọ̀ láti san owó orí, wọ́n sì ń pé jọ sí iwájú ààfin. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀. Àwọn obìnrin náà kò ti ọjà mọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó jẹ́ tiwọn ni wọ́n dì mú, ara wọn sì ni wọ́n fi wewu. Ọba lè purọ́ mọ́ ará òde pé ó ń pa àwọn ọmọ ilé. Kò lè purọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ilé fúnra wọn. Ìgbà tí ó sì padà ní oṣù kejìlá ọdún 1950, kò sí ẹni tí ó lè wí pé ọ̀tá òkèèrè ni ó lé e lọ.

Ó wá ku ìbéèrè ohun tí ó tọ́, òun ni ó sì le jù. Ǹjẹ́ a lè fi ìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ lè ronú? Bí olùkọ́ kan bá na gbogbo kíláàsì nítorí ọmọ kan tí ó jalè, àwọn òbí yóò bínú, wọn yóò sì jàre. Síbẹ̀ olùkọ́ náà lè wí pé, “Àwọn ọmọ yòókù yóò fi agbára mú olè náà jẹ́wọ́.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ṣẹ bí ọmọ náà bá jẹ́ kékeré láàrin wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òun ni ó tóbi jù, tí ó sì di kùmọ̀ mú, àwọn yòókù yóò gba ìnà lọ́wọ́ olùkọ́, wọn yóò sì tún gba tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn àwọn ará ìlú tí ológun ń jọba lé lórí rí. Ẹni tí ó ní ìbọn ni ó ń kọ́kọ́ jẹun, bí oúnjẹ ti wù kí ó wọ́n tó. Arúgbó, aboyún àti aláìsàn ni ó ń gbẹ̀yìn.

Nítorí náà, èrò wa nìyí. Kíkọ̀ láti ta ohun ìjà fún aninilára tọ́, kò sì nílò àwíjàre. Gbígbẹ́sẹ̀ lé owó alákòóso fúnra rẹ̀ àti ti àwọn tí ó yí i ká tọ́ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni kíkọ̀ láti gbà wọ́n ní àlejò, nítorí pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó bá. Títi ọjà gbogbo ìlú mọ́ gbogbo ènìyàn jẹ́ ohun mìíràn. A lè dá a láre kìkì bí àwọn tí yóò jìyà rẹ̀ bá ti fi ẹnu ara wọn bèèrè fún un. Bí ohun tí a ń bèèrè bá jẹ́ ohun tí alákòóso náà lè ṣe láìpa ara rẹ̀. Bí a bá sì ti sọ ní gbangba ọ̀nà tí yóò gbà padà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ, oògùn, àti iná tí ilé ìwòsàn ń lò, kò sí ìdí kankan tí a fi lè fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí ó bá sọ pé kò ní ṣe iṣẹ́ láìfi ebi kún un ti jẹ́wọ́ pé ebi àwọn aláìlẹ́ṣẹ̀ gan-an ni ohun ìjà òun.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ wa rọ̀ jù, pé aninilára yóò fi wá rẹ́rìn-ín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n Tiani kò bẹ̀rù ìyà líle náà pẹ̀lú, a sì ti pàdánù ará ilé mẹ́ta nínú ECOWAS nítorí rẹ̀, nítorí pé ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ìyapa wọn di òtítọ́. Kódà lẹ́yìn tí àwa ṣí ọ̀nà, Niger kọ̀ láti ṣí tirẹ̀ fún Benin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 Benin náà dá epo rọ̀bì Niger dúró fún ìgbà díẹ̀ ní èbúté Sẹ̀mẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa rárá. Ilẹ̀kùn tí a fi ìbínú tì kì í ṣí ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ kí ó ṣí.

Àwọn baba wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, kí a fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Àwọn tí ó ń ṣe ìjọba mọ apá òsì òwe náà dáradára. Kí àwa tí a ń gbé ní ojú ọ̀nà, tí a ń rí ọkọ̀ akẹ́rù bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, máa rán wọn létí apá ọ̀tún. Nígbàkúùgbà tí a bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti ọ̀nà mọ́ ìlú kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bí ọba ibẹ̀ ti burú tó. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí kò ní jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà.